Bí Bàálù Bá Dorí Kodò, Má Fà Á: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Páílọ́ọ̀tì Tó Fẹ́ Kọ́ Aerobatics

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn kan ti ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé báwo ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù tàkìtì (òun ni wọ́n ń pè ní aerobatics) nígbà tí mi ò tíì gba láísẹ́ǹsì rárá, bọ̀ọ̀dá mi kan tiẹ̀ ní ṣé kì í ṣe pé ayé ló ń ṣe mí. Ayé ò ṣe mí o. Nǹkan yìí ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ó ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe àti èyí tó tẹ̀ lé e, òun ni mo fẹ́ kọ síbí. Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ tèmi, torí náà òfin ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó o mú dání bó o bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Ọ̀tá ẹ lókè yẹn kì í ṣe bàálù, kì í ṣe afẹ́fẹ́, ọwọ́ ẹ ni. Tẹ́rù bá ba èèyàn, ṣe ni ọwọ́ máa ń fa stick (ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bàálù) mọ́ àyà, bí ọmọdé ṣe ń di ìró ìyá ẹ̀ mú lọ́jà. Tí bàálù bá dúró dáadáa, tó o bá fà á, imú á gbéra, wàá gòkè, gbogbo ara á tù ẹ́. Tó bá wá dorí kodò ńkọ́? Fífà yẹn náà ló máa kọ imú ẹ sí ilẹ̀, spíìdì á máa lé sí i, ilẹ̀ á máa bọ̀. Lójú tèmi o, gbogbo ẹ̀kọ́ aerobatics ò ju ká tún ọwọ́ yẹn kọ́ lọ.

Ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà kò sí ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń gbà fún aerobatics, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá tíṣà tó mọ̀ ọ́n lọ sókè nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ UK lo wà, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀, wọ́n ní aerobatic rating tí wàá gbà lẹ́yìn láísẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò sì ní dín ní wákàtí 5 lójú òfurufú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o jẹ́ kí solo ẹ (ìgbà àkọ́kọ́ tó o máa dá fò) kọjá ná, kó o ti mọ stall (ìgbà tí apá bàálù ò bá lè gbé e mọ́) dáadáa débi pé àyà ẹ ò ní já mọ́, kó o mọ bí wọ́n ṣe ń lo rudder (pátákó ìdí bàálù tí ẹsẹ̀ ń darí, tó ń yí imú sọ́tùn-ún sósì) láìwo ẹsẹ̀. Ẹni tí ò tíì lè gbé bàálù balẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ló fẹ́ fi òkìtì ṣe?

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé eré ìgbéraga lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 1949 ni wọ́n ti yọ spin (kí bàálù máa yí ká bó ṣe ń já bọ̀) kúrò nínú ohun tí ẹni tó ń gba láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe, ẹni tó fẹ́ di tíṣà nìkan ló kù tí wọ́n ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì ló ń fò káàkiri tí wọn ò rí spin rí láyé wọn, bẹ́ẹ̀ kí bàálù bọ́ mọ́ páílọ́ọ̀tì lọ́wọ́ lójú òfurufú wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ń fi bàálù kékeré rìn jù. Ẹni tó ti dorí kodò rí, tó ti bọ́ nínú ẹ̀, ara ẹ̀ ò ní gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bàálù wo, tíṣà wo

Kì í ṣe gbogbo bàálù ló lè tàkìtì. Cessna 172 tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́ṣẹ́, wọn ò ṣe é fún un. Bàálù normal category, 3.8 g ni wọ́n ṣe é láti gbà, utility jẹ́ 4.4, acrobatic jẹ́ 6. Kí ni g yẹn? Ìwọ̀n ara ẹ lórí ilẹ̀ ni 1 g. Tó o bá wọn 70 kílò, ní 4 g ara ẹ á wúwo bíi 280 kílò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ á máa wálẹ̀, ọwọ́ tó o gbé lé itan ò ní fẹ́ dìde mọ́. Apá bàálù náà ń ru ẹrù yẹn, tó bá ru ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ ó lè tẹ̀, ó lè já.

Citabria ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ (kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn kó o wo ohun tó máa di: airbatic), ó ń gba 5 g nígbà tí ìwúwo bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga, 2 nígbà tó bá ń fà ẹ́ kúrò lórí àga. Decathlon lẹ̀gbọ́n ẹ̀, 6 àti 5. Super Decathlon ní ẹ́ńjìnnì 180 horsepower tí epo àti ọ́ìlì ń dé ibẹ̀ bó bá dorí kodò, òun lèmi fẹ́ràn jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Cessna 152 Aerobat náà dáa, owó ẹ̀ sì máa ń dín, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á máa kọ́ tàbí kó dákẹ́ tó o bá dorí kodò pẹ́, torí epo ò ní débẹ̀, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá ti padà dúró á jí. Pitts tí Curtis Pitts bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní àwọn ọdún 1940 dùn gan-an ni, àmọ́ bíbalẹ̀ ẹ̀ nìkan tó láti dá òógùn bo èèyàn. Extra 300 ńkọ́, tó ń gba 10 g? Bíi kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ lọ gun mọ́tò eré ìje ni. Fi í sílẹ̀ ná.

Púpọ̀ nínú wọn, táyà kékeré wọn wà nídìí, kì í ṣe níwájú. Tó bá jẹ́ pé tíṣà wà pẹ̀lú ẹ kò sí wàhálà, àmọ́ lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ dá wà á, wọ́n gbọ́dọ̀ ti buwọ́ lu ẹ̀kọ́ tailwheel (táyà ìdí yẹn) sínú logbook ẹ, ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn òfurufú ẹ sí.

Tíṣà ló ṣe kókó jù. Bi í bó bá ń kọ́ èèyàn ní spin, títí kan èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàálù bá dorí kodò. Bi í nípa párásúùtì àti ọjọ́ tí wọ́n dì í kẹ́yìn. Tó bá ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín torí ìbéèrè yẹn, máa lọ. Mo pàdé tíṣà kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ láéláé, a wà nínú bàálù kan tí wọ́n kọ ọ́ sí gbangba níwájú wa pé aerobatics ò sí níbẹ̀, ló bá ní kí n jẹ́ kóun fi nǹkan kan hàn mí kíá, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní inú ń run mí, kó jọ̀ọ́ ká balẹ̀. Inú ò run mí rárá.

Òfin tó yẹ kó o mọ̀ lórí

Kò gbọdọ̀ jẹ́ lórí ìlú tàbí àdúgbò tí ilé ti pọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ lórí àwọn tó péjọ síta gbangba, kò gbọdọ̀ sí nínú airspace (àgbègbè òfurufú tí wọ́n pín sí oríṣi) B, C, D tàbí E tó fara kan ilẹ̀ tí wọ́n ṣe fún pápákọ̀ òfurufú, o gbọ́dọ̀ jìnnà tó máìlì orí omi 4 sí àárín ojú ọ̀nà airway, o ò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 1,500 fíìtì sí ilẹ̀, ojú sì gbọ́dọ̀ ríran tó máìlì 3, ó kéré tán. 1,500 yẹn, òfin ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi, ní tèmi akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan sísàlẹ̀ 4,000, torí òkè lowó tó o ní lápò, tó o bá ṣàṣìṣe òun lo máa ná.

Párásúùtì: tẹ́ ẹ bá ju ẹnì kan lọ nínú bàálù, tí apá bàálù bá máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju 60 degree tàbí tí imú bá máa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ju 30 lọ, kí kálukú wọ tiẹ̀. Spin tí tíṣà ń fi kọ́ èèyàn nítorí láísẹ́ǹsì ni òfin yọ̀ǹda láìwọ párásúùtì, àmọ́ wọ̀ ọ́ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi nylon ṣe, ẹni tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti tún un dì láàárín 180 ọjọ́ sẹ́yìn. Kó o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nílẹ̀ kó tó di òkè, ilẹ̀kùn kọ́kọ́, bẹ́líìtì tẹ̀ lé e, kó o tó bẹ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú ojú dídì. Mo mọ̀ pé á jọ eré ọmọdé.

Àpò ẹ, bẹ́líìtì ẹ, ikùn ẹ

Kó o tó wọlé, da gbogbo àpò ẹ sílẹ̀: fóònù, kọ́kọ́rọ́, bírò, owó ẹyọ. Gbá ilẹ̀ bàálù, wo abẹ́ àga. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì, Faransé ló ti gbà á ní June 15, 1921, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ bàálù kankan ní Amẹ́ríkà tó gbà á. Ní April 30, 1926 ní Jacksonville, òun àti mẹkáníìkì ẹ̀ William Wills lọ yẹ ibi tó ti máa bẹ́ pẹ̀lú párásúùtì wò. Wills ló ń wa bàálù, Bessie ò de bẹ́líìtì torí kó lè nàgà wo ilẹ̀. Bàálù dorí kọ ilẹ̀ lójijì, ó da Bessie nù, ó já bọ́ kú, Wills náà sì kú nígbà tí bàálù já lulẹ̀. Spánà kan ni wọ́n bá tó há sí ibi tó ń darí bàálù. Spánà kan péré o. Ọjọ́ tí tíṣà mi sọ ìtàn yìí fún mi ni mo dẹ́kun àtimáa kùn pé bẹ́líìtì ti le jù.

Bẹ́líìtì aerobatics, le ni kó le. Méjì ló máa ń wà ní ìdí, fi èyí tó wà nídìí há ara ẹ mọ́ àga kó o tó fa ti èjìká, tó o bá ṣì lè gbé ìdí kúrò lórí àga, kò tíì le. Bó o bá dorí kodò wàá rí i bí àga àti ìdí ṣe ń yà sọ́tọ̀.

Ikùn ńkọ́? Má lọ pẹ̀lú ebi, má sì lọ pẹ̀lú iyán. Búrẹ́dì díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi dáadáa látàárọ̀, torí ẹni tómi gbẹ lára ẹ̀, g á tètè borí ẹ̀. Mú ọ̀rá ìbì dání, má tijú. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ti tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbà tí òyì bá ti ń kọ́ ẹ díẹ̀ ni kó o sọ pé ó tó, má dúró dìgbà tó o bá fẹ́ bì, torí tó bá ti dé ibẹ̀ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́ta mẹ́rin ara á mọ̀ ọ́n.

Fún g: kó o tó fà, kì í ṣe lẹ́yìn tó o ti fà, fún itan, ìdí àti ikùn ẹ pọ̀ gan-an, fa èémí wọlé kó o mú un dání, kó o máa pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sá kúrò lórí, ìyẹn ló ń jẹ́ kójú máa ṣú bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá ti ń ṣú, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ojú á padà. Èyí tó burú jù ni kó o kọ́kọ́ ti stick síwájú kára ẹ fúyẹ́ ṣàn kó o tó wá fà á gan-an, ara ò ní ráyè múra.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè

Àwọn ará UK ní HASELL, ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe òkìtì, mo yá a lọ́wọ́ wọn: òkè tó o wà tó àbí kò tó, bàálù fúnra ẹ̀ ńkọ́, bẹ́líìtì àti ohun tó lè fò káàkiri, ẹ́ńjìnnì, ibi tó o wà sí ilé àti airspace, lẹ́yìn náà kó o yípo sọ́tùn-ún àti sósì wo bóyá bàálù míì wà nítòsí, kó o wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́.

Spin ni kó kọ́kọ́ ṣáájú, mi ò fẹ́ àríyànjiyàn lórí ẹ̀. Pa throttle (ohun tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára), gbé imú sókè díẹ̀díẹ̀, bó bá ti fẹ́ stall, tẹ rudder kan dé òpin kó o sì fa stick dé òpin. Bàálù á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, imú á kọ ilẹ̀, ilẹ̀ á máa yí bí òòyì. Bó o ṣe máa bọ́: throttle pa, aileron (pátákó ẹ̀yìn apá tó ń mú bàálù fì sọ́tùn-ún sósì, stick ló ń darí ẹ̀) wà láàárín, rudder dé òpin sí ìdàkejì ibi tó ń yí sí, stick síwájú. Bó bá dúró, dá rudder padà sáàárín, kó o wá fà á jáde jẹ́jẹ́. Spin ìyípo kan pẹ̀lú bíbọ́ nínú ẹ̀ lè jẹ tó 1,000 fíìtì. Ibí yìí lọwọ́ ẹ máa kọ́kọ́ dà ẹ́: ilẹ̀ ló kún gíláàsì iwájú, gbogbo ara ń sọ pé fà á, bẹ́ẹ̀ fífà yẹn ló ń jẹ́ kí apá bàálù wà nínú stall, òun gan-an ló ń mú kó máa yí. Lákọ̀ọ́kọ́ tèmi, tíṣà pariwo “síwájú!” lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbọ́.

Aileron roll ló kàn, kí bàálù yí lára dorí kodò títí á fi padà dúró. Jẹ́ kí imú sọ̀ kalẹ̀ kí spíìdì dé iye tí ìwé bàálù ẹ sọ (nínú Super Decathlon a ń lo nǹkan bíi 120 sí 130 mph), gbé imú sókè tó 20 sí 30 degree lórí horizon (ìlà tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé), ó wá yá, DÚRÓ. Dá stick padà sáàárín kí imú má gòkè mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa fi aileron sósì dé òpin, rudder òsì díẹ̀ tẹ̀ lé e, má sì fi sílẹ̀ títí ọ̀run á fi padà sórí ẹ. Decathlon ò yára yí, o lè fi ọwọ́ méjèèjì sí i. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé tó bá dé ibi tó dorí kodò, tá a wà níbẹ̀ bí àdán tó ń wòṣe ẹyẹ, ẹ̀rù á bà wá, a á dẹ aileron, a á fa stick. Ohun tó ń pa èèyàn nìyẹn. Imú á lọ tààrà sí ilẹ̀, spíìdì á kọjá ìlà pupa, òkè á tán. Tí roll bá dàrú mọ́ ẹ lójú, ti stick síwájú díẹ̀ kí imú má sọ̀, yí aileron dé òpin sí ibi tí horizon bá sún mọ́ jù, pa throttle tí imú bá wà nísàlẹ̀, ìgbà tí orí ẹ bá ti padà sókè lo tó lè fà. Yí i ná, kó o tó fà á. Máa sọ ọ́ síta bó o ṣe ń ṣe é, èmi ṣì ń sọ ọ́.

Loop ni òkìtì gan-an, kí imú gòkè, kó gba ẹ̀yìn, kó sọ̀ padà bí òbìrí. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Pyotr Nesterov ló kọ́kọ́ ṣe é, ní September 9, 1913 ní Kiev, wọ́n sì tì í mọ́lé ọjọ́ 10 pé ó fi dúkìá ìjọba ṣeré, kí wọ́n tó wá rí i pé ohun ńlá ló ṣe. Wá ojú ọ̀nà kan nílẹ̀ tó tọ́, jẹ́ kó wà lábẹ́ imú ẹ. Spíìdì nǹkan bíi 140 mph, throttle kún, fún ara ẹ pọ̀, fà á kó dé bíi 3.5 g láìjá a. Má wo iwájú, ọ̀run lásán ló wà níbẹ̀, yíjú sí apá òsì, wo bó ṣe ń gé horizon. Bó o bá ń sún mọ́ òkè pátápátá, dẹ ọwọ́ díẹ̀ kára ẹ fúyẹ́ bíi pé o ń léfòó, tó o bá ń fà á níbẹ̀ bí o ṣe fà á nísàlẹ̀, òkìtì ẹ á rí bí orí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì lè stall. Gbé orí sẹ́yìn wá horizon, ó máa yọ látòkè. Dín throttle kù bó bá ti ń sọ̀, kó o fà á padà. Tó o bá gba inú atẹ́gùn tí ìwọ fúnra ẹ fi sílẹ̀ kọjá, tí bàálù mì jìgì lẹ́ẹ̀kan, o ti gbà á nìyẹn, jọ̀ọ́ pariwo.

Hammerhead lèmi nífẹ̀ẹ́ jù nínú gbogbo wọn, torí ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ wà. Fà á títí bàálù á fi dúró ṣánṣán bí ọ̀pẹ, apá òsì lo máa fi wò ó, dá stick padà síbi tí ìlà yẹn á ti dúró, jẹ́ kó máa gòkè. Spíìdì á máa tán, ariwo afẹ́fẹ́ á máa relẹ̀. Kó tó dúró pátápátá, rudder òsì dé òpin. Bó bá ń yí bọ̀, apá tó wà níta á fẹ́ mú un yí lára, fi aileron ọ̀tún àti stick síwájú díẹ̀ dá a dúró. Á yí bí ilẹ̀kùn, imú á kọ ilẹ̀, fi sílẹ̀ kó sọ̀ ṣánṣán kó o tó fà á. Òsì ni fún ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà bíi Lycoming, Yak àti Sukhoi tó ń lo ẹ́ńjìnnì M-14P ti Rọ́ṣíà, ọ̀tún ni, torí propeller wọn ń yí sí ìdàkejì. Tó o bá pẹ́ jù kó o tó tẹ̀ ẹ́, bàálù á fẹ́ fi ìdí rìn padà. Pa throttle, di stick àti rudder mú gírígírí kí atẹ́gùn má gbá wọn mọ́ ẹ lọ́wọ́, dúró, imú á wá sọ̀ fúnra ẹ̀.

Àwọn tó kù, Immelmann, half Cuban, apá kan loop pẹ̀lú ààbọ̀ roll ni wọ́n, tó o bá ti mọ méjèèjì o ti mọ̀ wọ́n. Slow roll nìkan ló máa jẹ́ kó o sunkún, torí ẹsẹ̀ ń ṣe èyí, ọwọ́ ń ṣe ìyẹn, wọn ò sì bára wọn mu, fún un ní oṣù díẹ̀.

Kí o máa rin gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ kó o tó wọ bàálù. Ọwọ́ ẹ ni bàálù, ara ẹ ń yí tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn tó ń díje ló ń ṣe é, tẹ́nì kan bá rí ẹ nínú ọgbà pápákọ̀ á rò pé orí ẹ ti yí, kò kàn ẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yà á sínú ìwé, ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ José Luis Aresti ló ṣètò ẹ̀, tètè kọ́ ọ, wàá lè lẹ ìwé pélébé kan mọ́ iwájú ẹ kó o máa tẹ̀ lé e. Tó bá wù ẹ́ láti díje, International Aerobatic Club ní ìpele tó ń jẹ́ Primary, spin, loop àti roll ló pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn adájọ́ ibẹ̀ á sọ fún ẹ láìfi bò pé òkìtì ẹ ò yípo.

Bó o bá balẹ̀, wo g-meter (ohun tó ń wọn g) kó o tó kúrò lórí àga. Abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dúró síbi tí g ga dé jù. Tó bá kọjá ìlà, má tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà, má dákẹ́, pe tíṣà àti ẹni tó ni bàálù wá wò ó, torí ẹni tó kàn tó máa wọ̀ ọ́ lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ.